Ìjọba Ìbílẹ̀ àti Ìmúrasílẹ̀ fún Àjálù: Ilẹ̀ Ìgbómìnà Ọ̀ṣun nínú Ìtàn

Ìfáárà

Bí iná bá jó ilé ní Ìlá Ọ̀ràngún, tàbí tí ìjì bá ṣí òrùlé ní Òkè-Ìlá, aládùúgbò ni ó ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òkè ni òfin Nàìjíríà lórí àjálù ti bẹ̀rẹ̀. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ lórí gọ́tà, pàǹtí àti ìmọ́tótó ni ìpìlẹ̀ ìmúrasílẹ̀, àti pé ibẹ̀ gan-an ni ètò náà ti mẹ́hẹ.

Láti agbo ilé dé ọ̀dọ̀ wolé-wolé

Kí àwọn òyìnbó tó dé, agbo ilé ni ó ń gbé ẹrù àjálù. Koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, nítorí náà iná kan ṣoṣo lè ran gbogbo àdúgbò nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ìbátan a gba ẹni tí ilé rẹ̀ jóná sọ́dọ̀. Baálé a sì pe ọ̀wẹ̀ láti tún ilé kọ́. Ètò yìí dára fún àtúnṣe ju fún ìdènà lọ.

Ìdènà ni àwọn wolé-wolé ayé ìjọba òyìnbó dúró fún. Wọ́n ń yẹ ìkòkò omi, ààtàn àti ojú àgbàrá wò. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn wọn, nítorí pé wọ́n ń mú ènìyàn lọ sí kóòtù. Síbẹ̀, iṣẹ́ wọn fi hàn pé a lè ṣọ́ ewu kí ó tó dé. Òfin 1952 ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà fi àwọn ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn sí ìdí ìṣàkóso ìbílẹ̀. Àtúntò 1976 àti ìwé òfin 1979 sì ka gọ́tà àti pàǹtí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Ògùnpa

Ní 1980, Ìlá ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ní 31 Oṣù Kẹjọ ọdún náà, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 200. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà kò yẹ kí ó jẹ́ ìyàlẹ́nu: omíyalé ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 1960, 1963 àti 1978. Pàǹtí ti dí ojú odò, ilé sì ti gba etí rẹ̀. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé mìíràn pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní Ìbàdàn kan náà. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ìdènà omíyalé ìlú náà.

Òfin àti owó

Ọ̀dá 1972 sí 1973 ní apá Òkè Ọya ni ó mú kí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NERA sílẹ̀ ní 1976. Ìrànwọ́ pínpín lẹ́yìn àjálù ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Òfin 1999 tí ó dá NEMA sílẹ̀ fi ìmúrasílẹ̀ kún un, ó sì ṣètò ìgbìmọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ṣe irú rẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Ìlànà 2010 ni ó wá dárúkọ àjọ ti ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà kò ní agbára òfin.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ìwé òfin 1999 ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gba inú àpò àpapọ̀ tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 11 Oṣù Keje 2024 pàṣẹ pé kí ó máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìlá àti Ifẹ́dayọ̀ kò tó Ìbàdàn ní títóbi, ìyẹn sì ni àǹfààní wọn: ojú àgbàrá tí ilé kò tíì gbà rọrùn láti dáàbò bò ju èyí tí a ó wó ilé kúrò lórí rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí òfin bá ń ka ìrànwọ́ sí iṣẹ́ àjálù, tí kò ka gọ́tà gbígbá mọ́ ọn, ìmúrasílẹ̀ yóò máa kẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀. Òjò tí ń bọ̀ kò ní dúró de ìgbìmọ̀.