Gbogbo Ẹyẹ Funfun Kọ́ Ni Lékeléke

Àwọn kan nínú yín ti ń béèrè pé ṣé kò sí nǹkan, nítorí ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kọ̀wé gbẹ̀yìn. Kò sí nǹkan. Ẹyẹ ni mo ń yà ní fọ́tò káàkiri. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó wá gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó yẹ kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Àlàyé náà nìyí, ìtàn sì ni.

Ẹ̀bá Kétu ni mò ń gbé, ní Kòsọ́fẹ́ níbí. Téèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e dé Agboyi. Odò Ògùn ń gba ẹ̀gbẹ́ Mile 12 bọ̀, ó ń wọ inú ọ̀sà lọ, àbàtà ló sì pọ̀ jù níbi tó gbà kọjá: ewé, ẹrẹ̀, omi àti ẹja wẹ́wẹ́. Ibi tí ẹja wẹ́wẹ́ bá wà, ẹyẹ á wà níbẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ẹyẹ funfun mẹ́ta dúró sórí ewé níwájú wa. Mo bi ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ pé kí ni wọ́n ń pè wọ́n.

"Bàbá, lékeléke ni."

"Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Gbogbo wọn, sà. Ẹyẹ funfun ṣáà ni."

Mo ya wọ́n. Nígbà tí mo délé tí mo gbé wọn sójú kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Èkíní kúrú, ọrùn rẹ̀ kò gùn, àgógó ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, àgógó rẹ̀ dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ẹsẹ̀ sókè kúrò lórí ewé, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè bí ìgbà téèyàn wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ga fíofío, ọrùn rẹ̀ gùn, ó sì ká kọ́rọ́kọ́rọ́. Èkíní nìkan ni lékeléke tí a mọ̀ mọ́ màlúù.

N kò lè bá ọmọ náà wí, torí èmi gan-an ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, mo gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lọ bá bàbá apẹja kan ní etí omi yìí kan náà. Mo fẹ́ gba orúkọ àwọn ẹyẹ omi. Bàbá kó mi wọnú ọkọ̀ wọn, a sì jọ wà lórí omi títí oòrùn fi mú. Orúkọ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi. Téèpù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó sì mọ́ gaara. Ẹ ó gbọ́ ohùn mi tí mo ń béèrè pé, "Èyí tó ń fò kọjá yìí ńkọ́, Bàbá?" Ẹ ó gbọ́ tiwọn: "Rárá, kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni mò ń wí."

Ẹ̀yin tí mo kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ẹ rántí ohun tí a sọ nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: *yìí, yẹn, ọ̀hún*. Ibi tí ìka bá nà sí ni ìtumọ̀ wọn wà. Téèpù gbọ́ ohùn Bàbá, kò rí ìka wọn. Mo ní kámẹ́rà nílé lọ́jọ́ yẹn o! N kò gbé e dání, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, àwòrán kọ́. Bàbá ti papò dà tipẹ́. Nínú orúkọ mẹ́rìnlá, márùn-ún péré ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ẹyẹ tó ni ín. Mẹ́sàn-án yòókù wà lórí téèpù bí aṣọ tí a rí lórí okùn tí a kò mọ ẹni tó sá a.

Àìsàn yìí kò yọ àwọn ìwé atúmọ̀ èdè wa sílẹ̀. Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ìjọ CMS tẹ̀ ní 1913, ẹ ó rí orúkọ ẹyẹ tí wọn kò túmọ̀ ju "irú ẹyẹ kan" lọ. Ní 1958, R. C. Abraham tẹ ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde, ó sì sapá gidigidi, ó wá orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ọ̀pọ̀ ẹyẹ àti ewéko mọ́ orúkọ Yorùbá wọn. Lọ́dún 1958 yẹn kan náà, John Elgood, tó ń kọ́ni nípa ẹranko ní Ìbàdàn, ṣàpèjúwe ẹyẹ kan tí sáyẹ́ǹsì kò tíì mọ̀ rí, ó sì fi orúkọ ìlú náà pè é: *Malimbus ibadanensis*. Ẹ wò ó, ọ̀kan ń wá ẹyẹ fún orúkọ, èkejì ń wá orúkọ fún ẹyẹ. Ohun tí ì bá so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ ni fọ́tò tí a fi han ẹni tó mọ omi.

Ẹ ó ní ṣé kò sí fọ́tò láyé ìgbà náà ni? Ó wà. N. Walwin Holm ti ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ sí Èkó láti 1896. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló ń wá yàwòrán: ọkọ àti ìyàwó, ìjòyè, àwọn tó wọ kóòtù tuntun. Kámẹ́rà wúwo nígbà náà, ẹyẹ kò sì gbọ́ "ẹ má mira".

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Richard àti Cherry Kearton, ló fi orí kunkun ṣe é. Ní 1892 wọ́n ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ pẹ̀lú ẹyin nínú rẹ̀, ìwé wọn lórí ìtẹ́ ẹyẹ sì jáde ní 1895, tí fọ́tò kún inú rẹ̀. Nítorí pé ẹyẹ ń sá fún ènìyàn ṣùgbọ́n kì í sá fún màlúù, ní 1900 wọ́n ṣe màlúù oníhò, awọ lóde, òfìfo nínú. Wọ́n á wọnú rẹ̀ tàwọn ti kámẹ́rà, wọ́n á dúró sínú pápá.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí èmi kò nílò irú màlúù bẹ́ẹ̀. Ní ọjà Kara, lẹ́bàá odò Ògùn ní ojú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, màlúù gidi pọ̀ bí erùpẹ̀, lékeléke sì ń rìn láàárín ẹsẹ̀ wọn. Bí màlúù bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni tata àti kòkòrò ń ta jáde, lékeléke á sì ṣà wọ́n jẹ. Àwọn Hausa tó ń tajà ní Mile 12 ń pè é ní *balbela*. Orúkọ Látìn rẹ̀, *Bubulcus*, ìtumọ̀ rẹ̀ ni darandaran. Àwa ní tiwa, àwọ̀ la fi mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà to ẹyẹ mẹ́ta pọ̀: agbe ló ni aró, àlùkò ló ni osùn, lékeléke ló ni ẹfun. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi àwọ̀ nìkan mọ̀, gbogbo aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan ni ojú ń tàn. Lékeléke jẹ́ ẹyẹ ilẹ̀ Áfíríkà àti apá kan Éṣíà àti Yúróòpù. Nígbà tó fi máa di 1877, wọ́n ti rí i ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ní ẹ̀bá ààlà Guyana àti Suriname. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbà pé ó ràn án lọ́wọ́ sọdá òkun Àtìláńtíìkì láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ó bá màlúù níbẹ̀, ó jókòó. Ní 1941 wọ́n rí i ní Florida, ṣùgbọ́n àwọn tó rí i rò pé ẹyẹ tó sá kúrò nínú àgò ẹnì kan ni. Ní 1952, Richard Borden ya ẹyẹ funfun láàárín màlúù sínú fíìmù ní Florida kan náà. Ó rò pé ẹyẹ funfun ilẹ̀ wọn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó yé e pé lékeléke ló yà. Ní 1953 wọ́n rí ìtẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ Agboyi tó ń wakọ̀ fún mi àti ọ̀gá ayàwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àṣìṣe kan náà. Ohun tó gba ọ̀gá náà là ni pé fíìmù wà nílẹ̀ tó lè padà wò.

Ìtàn yìí ló gbé mi lọ. Ọmọ mi kan wà ní Florida, mo sì ní tí mo bá lọ kí i, n ó ya lékeléke tọ̀hún. Lékeléke kò gba físà, kò sì gbé ẹrù. Èmi gba físà, mo tún gbé àpò kámẹ́rà tó tó kílò mọ́kànlá. Ní pápákọ̀ òfurufú kan, òṣìṣẹ́bìnrin kan gbé àpò mi sórí òṣùwọ̀n, ó ní kílò méje ni wọ́n gbà lọ́wọ́, kí n jẹ́ kó lọ sí abẹ́ bàlúù. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, dígí ni." Ó ní, "Ẹ má bínú, Dádì, òfin ni." Àpò náà dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí iwájú lẹ́ǹsì mi tó gùn jù ti sán. Ẹyẹlé gan-an ní ìwọ̀n ẹrù tirẹ̀: nígbà tí Julius Neubronner ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í so kámẹ́rà kékeré mọ́ ẹyẹlé láyà ní 1907, gíráàmù 75 ni ẹrù tí ẹyẹlé kan lè gbé dé ilé. Ẹyẹlé kò bá òṣùwọ̀n jiyàn. Kí ló dé tí èmi fi jiyàn?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbé kámẹ́rà rìnrìn àjò, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ wọn àpò yín nílé. Ẹ fi aṣọ sábẹ́ bàlúù, kí ẹ fi lẹ́ǹsì sọ́wọ́. Tó bá wúwo jù, ẹ wọ ẹ̀wù alápò púpọ̀, kí ẹ kó nǹkan sí i. Bátìrì *lithium* tí kò sí nínú kámẹ́rà kò gbọdọ̀ lọ sábẹ́ bàlúù rárá, nítorí tó bá gbiná níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tètè rí i. Tí wọ́n bá gba àpò lọ́wọ́ yín lójijì, ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì. Ẹ fi téèpù bo ojú irin rẹ̀. Òfin náà gba bátìrì tí kò ju 100 *watt-hour* lọ láìtọrọ àyè. Ẹ fi iye *volt* rẹ̀ ṣe ìlọ́po iye *milliamp-hour* rẹ̀, kí ẹ pín in sí 1,000: bátìrì kámẹ́rà tó jẹ́ 7.2 àti 2,000 kò ju 14.4 lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ojú omi, ẹ má ṣí kámẹ́rà ní kété tí ẹ bá jáde nínú ọkọ̀ tó tutù. Ìrì á bo lẹ́ǹsì. Ẹyẹ funfun lórí omi dúdú ń tan kámẹ́rà jẹ: ó máa gba ìmọ́lẹ̀ jù, ìyẹ́ á sì di funfun pátápátá bí odi tí a kùn lẹ́fun. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ náà kù. Kí ẹ sì rí i dájú pé àgógó ẹnu àti ẹsẹ̀ hàn, torí ibẹ̀ ni ìdánimọ̀ wà.

Lẹ́ǹsì kékeré ni mo fi ya lékeléke Florida nígbẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ jìnnà: ó ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, bó ṣe ń tẹ̀ lé màlúù nílé. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin sọ orúkọ rẹ̀ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ ti Yorùbá fún un, mo sì sọ fún un pé nílé, tó bá ń fò kọjá, àwọn ọmọdé máa ń na ọwọ́ sí i pé kó fún àwọn ní èékánná funfun. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè lójú ẹsẹ̀, ó ń mi ìka. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo ti padà sí Agboyi báyìí. Mo tẹ fọ́tò ẹyẹ ogún sórí bébà, mo ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbà apẹja. N kì í sọ orúkọ kankan fún wọn. Mo kàn ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ń dákẹ́. Nígbà mìíràn ẹnì kan á ní òṣìn nìyí, ẹnì kejì á ní irọ́ ni, ìjà á bẹ̀rẹ̀, èmi á sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Méjì nínú orúkọ mẹ́sàn-án Bàbá ti rí ẹyẹ wọn. Ó ku méje.

Àkókò kò sì dúró. Iyanrìn ni wọ́n ń dà sínú àbàtà káàkiri ẹ̀gbẹ́ wa yìí láti fi kọ́lé. Orílẹ̀-èdè wa ní ilẹ̀ àbàtà 11 nínú ìwé àdéhùn Ramsar, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Iran ní 1971; kò sí ọ̀kankan ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Tí ẹyẹ bá lọ, fọ́tò nìkan ló kù. Tí àgbà bá lọ, fọ́tò á di odi.

Nítorí náà, iṣẹ́ ilé rèé, bí ayé àtijọ́. Ẹ fi fóònù yín ya ẹyẹ kan létí omi tó wà nítòsí yín. Ẹ fi han àgbàlagbà kan níbẹ̀, kí ẹ gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹyẹ náà, orúkọ ìlú náà àti ọjọ́ náà sábẹ́ fọ́tò, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí mi. Mi ò ní máàkì láti fún yín mọ́. Ẹ ṣáà ti mọ ibi tí mò ń gbé: ẹni tó bá fetí sí Kòsọ́fẹ́ dáadáa á gbọ́ "kò sí ọ̀fẹ́" nínú rẹ̀. Mo ti san lẹ́ǹsì kan. Ó kàn yín.