Oníṣẹ́ Ọwọ́ àti Owó-Orí ní Íjíbítì Àtijọ́

Ní ọdún 259 ṣáájú ìbí Kristi, Ptolemy Kejì, ọba ìran Gíríìkì tí ó jẹ ní Íjíbítì, ṣe òfin lórí owó ìṣúra rẹ̀. Ọba ni ó ń dá iye tí a ó máa ta òróró yànmọtí. Àwọn tí ń fún un kò gbọdọ̀ kúrò ní àgbègbè wọn. Bí iṣẹ́ bá sì dáwọ́ dúró, ìjòyè a fi èdìdì di ohun èlò wọn. Ẹni tí a ti irinṣẹ́ rẹ̀ pa, ọwọ́ rẹ̀ ni a dè.

Ẹgbẹ́ ni ààbò mẹ̀kúnnù láyé ìgbà náà. Òfin àwọn ẹgbẹ́ ìbọ̀rìṣà kan ní ìlú Tebtunis ṣì wà: wọn a dá owó lóṣooṣù, wọn a jọ sin òkú ara wọn, wọn a sì gbèjà ẹni tí a bá tì mọ́lé láìṣẹ̀.

Róòmù gba ilẹ̀ náà ní ọdún 30 ṣáájú ìbí Kristi. Ní ọdún 47 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn oníṣòwò iyọ̀ Tebtunis péjọ, wọ́n dá iye owó iyọ̀, wọ́n sì yan ọ̀kan nínú wọn láti máa gba owó-orí ìjọba lọ́wọ́ wọn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ bá pé sí ni agbowó-orí ń wá.