Ọba Mẹ́ta Láàárín Ọdún Kan: Ìlú Ọba, 1936

Lónìí, Ìlú Ọba là ń lọ, ọdún 1936. Ọba mẹ́ta ló gorí ìtẹ́ tàbí kúrò lórí rẹ̀ lọ́dún yẹn: George Karùn-ún, Edward Kẹjọ, George Kẹfà. Ẹni tó bá ti wo fíìmù nípa ìdílé yẹn á ti mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó jẹ mí lógún ni èyí: ta ló ń pinnu ìgbà tí ará ìlú máa gbọ́ ìròyìn?

Ní ọjọ́ 18 oṣù January, Rudyard Kipling kú, òǹkọ̀wé tó fi gègé rẹ̀ gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ga káàkiri ayé. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ọba George Karùn-ún wàjà ní Sandringham, nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjìlá òru lù. Ẹ fi ojú sí aago yẹn. Dókítà ọba, Lord Dawson, ti gún un ní abẹ́rẹ́ morphine àti cocaine kí ẹ̀mí lè tètè bọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ pé lára ohun tí òun rò ni pé kí ìròyìn náà kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn àárọ̀, kì í ṣe nínú àwọn ti ìrọ̀lẹ́ tí kò níyì tó bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ ní kí ìyàwó rẹ̀ tó wà ní London ta The Times lólobó. Ará ìlú ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí di 1986. Nílẹ̀ wa náà, kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ń kéde pé ọba wàjà. Àwọn ìjòyè ló ń yan ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yan wákàtí ikú nítorí ìwé ìròyìn? Háà!

Ní October, ọkùnrin 200 gbéra láti Jarrow, ìlú kan ní àríwá England tí iléeṣẹ́ Palmer's tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ti kógbá sílé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé London, nǹkan bí 300 máìlì, pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ènìyàn tó ju 11,000 fọwọ́ sí. Iṣẹ́ ni wọ́n ń wá. Baldwin, olórí ìjọba, kò gbà láti rí wọn. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n rí i pé a ti gé owó ìrànwọ́ wọn, nítorí pé nígbà tí wọ́n wà lójú ọ̀nà, wọn ò sí nílé láti gba iṣẹ́ bí iṣẹ́ bá yọ. Iṣẹ́ wo?

Àwọn ìwé ìròyìn kọ nípa ìrìn yẹn dáadáa. Ohun tí wọn ò kọ ni ti ọba tuntun. Edward fẹ́ fi Wallis Simpson ṣe aya, ará Amẹ́ríkà tó ti kọ ọkọ kan sílẹ̀, tó sì ń kọ èkejì ní kóòtù Ipswich lóṣù yẹn gan-an. Gbogbo Amẹ́ríkà ń sọ ọ́. Ní Brítéènì, àwọn tó ni ìwé ìròyìn ti bá ọba ṣe àdéhùn pé àwọn á dákẹ́. Ìwé tó bá wọlé láti Amẹ́ríkà, wọ́n á fi sáàsì gé ojú ewé náà kúrò!

Ní November, BBC bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Lópin oṣù náà, Crystal Palace jóná kanlẹ̀. Ní December 3, ọ̀rọ̀ ọba wá bẹ́ síta. Nígbà tó fi máa di December 11, Edward ti kúrò lórí oyè, ó ń dágbére lórí rédíò, àbúrò rẹ̀ sì ti di George Kẹfà. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ará ìlú ní láti fi gbọ́, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì gbà.

Wọn ò tíì dé Edward ládé rí. Owó ẹyọ rẹ̀ náà ò tíì jáde fún ará Brítéènì láti ná. Ṣùgbọ́n ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti jáde: kọ́bọ̀, eépìnnì àti onínní ọdún 1936, àwọn tó ní ihò láàárín. Ihò yẹn ni kò jẹ́ kí ojú ọba ráyè lára wọn, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Bí ìyá àgbà yín bá ṣì ní owó àtijọ́ nínú àpótí, ẹ bá wa wò ó bóyá ẹ ó rí EDWARDVS VIII.