Ọdún Ọ̀ṣun: Ọjọ́ Wo Ni Kí Ará Morris Heights Mú?

Olórìṣà tó ń gbé ní Morris Heights, ní Bronx, ní New York, lè ṣe ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ó sì lè ṣe é ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí àwọn ará Kúbà tẹ̀ yóò mú ọjọ́ 8. Ẹni tó ń wojú Òṣogbo yóò mú oṣù kẹjọ. Ọ̀rọ̀ yìí ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Àwọn kan ní ọjọ́ Kátólíìkì ni ọjọ́ 8, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, ó yẹ kí wọ́n mọ ibi tó ti wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1612, àwọn mẹ́ta kan rí ère Màríà kékeré lórí omi ní etí òkun Nipe ní Kúbà. Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan, tí ó jẹ́ ẹrú, wà nínú wọn. Wọ́n gbé ère náà lọ sí El Cobre, ìlú tí àwọn ẹrú ti ń wa bàbà nínú ilẹ̀. (Bàbà àti idẹ, ta ni kò mọ ẹni tó ni ín?) Àwọn Lùkùmí rí Ọ̀ṣun níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun òmìnira, àwọn ológun tó ti jà kọ̀wé sí Póòpù Benedict Kẹẹ̀ẹ́dógún, ní 1916 ó sì sọ Màríà ìlú Cobre di alábòójútó gbogbo Kúbà. Báyìí ni ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án di ọjọ́ orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyálórìṣà kò bẹ ìjọba kankan. Ìlú ń ṣe ayẹyẹ, àwọn náà ń lu ìlù fún Ọ̀ṣun.

Babaláwo Pancho Mora dé New York ní 1946, àwọn ará Kúbà púpọ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn 1959. Wọ́n gbé ọjọ́ wọn dání. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará Puerto Rico àti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti kọ́ ọ. Ọba Oseijeman Adefunmi, tí wọ́n tẹ̀ ní Matanzas ní 1959, ló yapa. Ó dá Yoruba Temple sílẹ̀ ní Harlem ní 1960, ó kó àwọn ère mímọ́ Kátólíìkì kúrò, ó sì dá Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970. Ní 1975, Lois Fernandez dá Odunde sílẹ̀ ní Philadelphia: oṣù kẹfà ni, wọ́n á kó èso àti òdòdó lọ sí odò Schuylkill fún Ọ̀ṣun. Kì í ṣe ọjọ́ Kúbà, kì í sì ṣe ti Òṣogbo.

Òṣogbo gan-an kò di ọjọ́ kan mú. Iwọ́pópó ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, kí Arugbá tó gbé igbá lọ sí odò. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọjọ́ ìsinmi kankan. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn ló fún wọn ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, ní 2023. Orílẹ̀-èdè Benin ti fi òfin ṣe tirẹ̀ láti 1997, ní oṣù kìíní.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń mú ọjọ́ 8 kò ṣẹ̀ Ọ̀ṣun. Omi ló yẹ kí ará Morris Heights wò dáadáa ju ọjọ́ lọ. Odò Harlem tó kọjá lẹ́bàá ọgbà Roberto Clemente kì í ṣe odò ní tòótọ́: omi òkun ń wọlé, ó ń jáde nínú rẹ̀, iyọ̀ sì wà níbẹ̀. Yemọja ni kí wọ́n kí níbẹ̀. Fún Ọ̀ṣun, kí wọ́n kọjá sí ìlà-oòrùn, sí apá òkè Odò Bronx, níbi tí omi ti dùn. Kí wọ́n gbé oyin dání, kí wọ́n sì kó ike rẹ̀ padà sílé.