Okùn Onígẹdú: Bí Ẹ̀kọ́ Igi Ṣe Fìdí Múlẹ̀ ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ kòkó, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló sábà máa ń gba ẹnu wa lórí ètò yìí. Lónìí, ọ̀rọ̀ igi ni a fẹ́ sọ, Gbági ni a ó sì ti mú un.

Nígbà tí rélùwéè wọ Ìbàdàn ní 1901, àwọn oníṣòwò òyìnbó tẹ̀lé e wọlé. Gbági, tó wà láàárín ibùdókọ̀ ojú irin àti ìlú àtijọ́ tó yí Mápó ká, ni ilé ìtajà wọn pọ̀ sí. John Holt wà níbẹ̀, UAC wà níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Àgbẹ̀ a ta kòkó rẹ̀ tán, a gba Gbági lọ ra aṣọ ọdún, páànù àti àdá. Èyí jẹ́ kí ọjà aṣọ tó kó lọ sí ọ̀nà Ifẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa, igi wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo ń lépa.

Ohun tí mo ń lépa ni pé UAC tó ń ta ọjà fún wa ní Gbági náà ló ni ilé iṣẹ́ gẹdú ńlá ní Sápẹlẹ, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ African Timber and Plywood. Àwọn tó ń ra gẹdú nígbà náà ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n gbé wá láti ìlú wọn. Edward Hoppus, ará Ìlú Ọba, ló fi í sínú ìwé rẹ̀ ní 1736. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí owó yín wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi okùn yí gẹdú ká ní agbedeméjì rẹ̀. Wọ́n á ká okùn náà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìdá kan nínú mẹ́rin yìí ni wọ́n á fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fi gígùn igi sọ ọ́ di púpọ̀. Bí okùn bá fi ẹsẹ̀ bàtà 8 yí igi ká, tí igi náà sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ìdá kan nínú mẹ́rin jẹ́ 2. Ẹ fi 2 sọ 2 di púpọ̀, ó di 4. Ẹ fi 12 sọ 4 di púpọ̀, ó di 48. Oníbàárà á ní kúbíìkì 48 ni òun rà.

Ṣùgbọ́n igi yìí kì í ṣe 48. Tí a bá fi ìṣirò ohun róbótó gidi wò ó, ó lé díẹ̀ ní 61. Kúbíìkì 13 ti lọ. Kí n má bàa purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe olè ni. Wọ́n ní ohun tí ayùn yóò sọ di èéfọ́ àti èyí tó máa dànù lára èèpo ni wọ́n yọ kúrò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dun ni ni pé ẹni tó ń rà mọ ohun tí wọ́n yọ, ẹni tó ń tà kò mọ̀. Ìmọ̀ igi wà lọ́wọ́ ẹnì kan, igi fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Báwo wá ni ìmọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára. Ní 1894, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí wá rọ́bà inú igi irẹ́ nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá. Owó wọlé, gbogbo ayé sì kó wọ igbó. Ní 1895 nìkan, rọ́bà tó gba Èkó jáde lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn. Wọ́n kọ igi náà lára láìsinmi, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, títí igi fi kú. Nígbà tí ọ̀rúndún náà fi máa parí, òwò irẹ́ ti dojú dé. Ìjọba Èkó dá ẹ̀ka igbó sílẹ̀ ní 1897, wọ́n sì fi igbó Ọlọ́kẹ́mẹ́jì, tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ṣe igbó ọba ní 1899. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ní 1903 ni H. N. Thompson dé láti Bọ́mà gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́ igbó ní ìhà gúúsù. Bọ́mà yìí náà ni àwọn baba yín mìíràn lọ jà nígbà ogun Hítílà. Láti apá ibẹ̀ ni igi tíìkì ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ètò tángíyà ti wá: àgbẹ̀ á dáko sórí ilẹ̀ igbó ọba, á gbin igi ìjọba sáàárín iṣu àti àgbàdo rẹ̀, á sì máa tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí igi bá ti ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kó lọ síbòmíràn. Lédè àwọn ará Bọ́mà, oko orí òkè ni ìtumọ̀ orúkọ náà. J. D. Kennedy ló gbé e dé Sapoba, lẹ́bàá Benin, láàárín ọdún 1920 sí 1930. Àgbẹ̀ rí oúnjẹ jẹ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, kò ní ìpín nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì dárí ji igbó ọba títí di òní, n kò sì ní bá yín jiyàn.

Síbẹ̀, Ọlọ́kẹ́mẹ́jì yìí ni wọ́n ti ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń finá sígbó fetí sí. Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí abala. Wọ́n ń jó abala kan lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko ò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń jó èkejì ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí ohun gbogbo ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ, àwọn mìíràn dé, iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 1960, Charter àti Keay tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún 28. Abala tí wọ́n ń jó ní ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ti di pápá koríko pẹ̀lú igi wúruwùru díẹ̀ tí iná kì í pa. Èyí tí iná kò kàn ti di igbó dídí tí koríko kò ráyè hù lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń jó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ wà láàárín méjèèjì, igi rẹ̀ sì pọ̀ dáadáa. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹ má yára sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ó lè jẹ́ ìṣáná ló dá a.

Ẹ wo bí irú ẹ̀kọ́ yẹn ṣe pẹ́ tó. Ọdún 28! Kò sí àgbẹ̀ tó lè dá a ṣe, nítorí ó gbọ́dọ̀ jẹun lọ́dún yìí. Ìdí nìyí tí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwádìí fi ṣe pàtàkì. Láyé ìjọba òyìnbó, ọmọ wa tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ igbó dé òkè ní láti rìn jìnnà, sí Oxford, níbi tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ ọba sílẹ̀ ní 1924, tàbí sí ilẹ̀ Scotland. Igi òtútù pọ̀ nínú ohun tí ó kọ́ níbẹ̀. Irókò àti ọ̀gànwó, ìgbà tó bá padà dé ló tó tún un kọ́.

Ní 1954, ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka ìwádìí igbó sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Òun ló di FRIN tí a mọ̀ ní Òkè Jericho, kò sì jìnnà sí Gbági. Wọ́n ní ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ń kó ewé, òdòdó àti èso gbígbẹ pamọ́ sí, èyí tó ti lé ní 100,000. Ibẹ̀ ni Keay, Onochie àti Stanfield ti ṣe ìwé ńlá lórí igi Nàìjíríà, apá kìíní ní 1960, apá kejì ní 1964. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, wá ṣí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ igbó ní 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ FAO. Láti ìgbà náà, ọmọ àgbẹ̀ lè gba oyè àkọ́kọ́, kí ó gba ti másítà, kí ó sì di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ igi láìkúrò ní Ìbàdàn. Kolade Adeyoju, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀, tẹ ìwé jáde ní 1975 lórí ohun tí igbó ń mú wọ àpò Nàìjíríà. Labode Popoola tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ di olórí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2016.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan máa ń sọ: "Mo rán ọ nílé ìwé kí o lè jáde nínú igbó, o tún ní igbó lo fẹ́ lọ kọ́!" Mo ti gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pàdé.

Ẹ mú arère. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n: igi fúnfun, fúyẹ́, tí káfíńtà fẹ́ràn. Àwọn onígẹdú gé e tó bẹ́ẹ̀ tó fi di dandan láti gbìn ín, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ kò ṣeé rí. Arère kì í tanná lọ́dọọdún. Lọ́dún tó bá tanná, kòkòrò kékeré kan a wọ inú èso rẹ̀, èbu a sì ba èyí tó kù jẹ́. Kóró tó bá yè, kì í pẹ́ tó fi ń kú tí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 1971, àwọn olùwádìí ní FRIN, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Britain, fi kóró sílẹ̀, wọ́n dojú kọ ẹ̀ka. Wọ́n rí i pé ẹ̀ka kékeré tó ní ewé, tí a gé lára ọmọ igi, á ta gbòǹgbò tí a bá fi sínú òjìji àti ọ̀rinrin. Ẹ̀ka orí àgbà igi kì í sábà gbà. Kí ni ṣíṣe tí igi tó dára bá ti dàgbà? Wọ́n gé e lulẹ̀, wọ́n dúró de ọ̀mùnú tó rú láti ìdí kùkùté, èyíinì sì ta gbòǹgbò bíi ti ọmọdé. Ẹ̀yin tó ń gé igi kòkó ogbó kí ó lè rú titun, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí yín?

Ti ìrókò yàtọ̀. Akọ àti abo rẹ̀ wà lọ́tọ̀, abo nìkan ló ń so. Àdán ló ń jẹ èso náà, tó sì ń fọ́n kóró rẹ̀ kiri. Tí ẹ bá rí i kó hù dáadáa nínú nọ́sìrì, tí ẹ sì gbìn ín lọ sójú oòrùn ní òun nìkan, kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma á yé sí i lára. Orí rẹ̀ á wú kókó kókó, á jẹrà, á sì kú padà sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ oko ìrókò ìjọba ló bàjẹ́ báyìí. Irókò tí ó dá hù lábẹ́ òjìji láàárín igi mìíràn, irú èyí tí àgbẹ̀ yẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń roko, kì í sábà rí ìyọnu náà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́ èyí nínú ìwé. Àwọn baba wa ti ń ṣe é, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ kòkòrò náà.

Àwọn ará ìgboro kì í ka ọ̀rọ̀ igi sí tiwọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, omi Ògùnpa kún, ó wó ilé, ó gbé ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ. Odò yìí gba ẹ̀gbẹ́ Gbági kọjá. Òjò ńlá ló rọ̀, ìdọ̀tí tí wọ́n dà sódò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi ló sì sọ ọ́ di àjálù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí igi bò máa ń mu òjò. Ilẹ̀ tí a fi páànù àti kọnkéré bò, ńṣe ló ń ti gbogbo rẹ̀ sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbin igi yí adágún omi Ẹlẹ́yẹlé ká.

Ó ku ti pákó, nítorí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń kọ́ ilé ìkẹ́rù. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ pákó á gé igi wẹ́wẹ́, á wọ̀n ọ́n, á gbẹ ẹ́ nínú ààrò tó gbóná tó 103 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Tó bá jẹ́ gíráàmù 150 tẹ́lẹ̀, tó sì kù 100, omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdajì igi gbígbẹ náà. Omi yìí ló ń ká pákó yín bí ẹ bá kàn án mọ́lẹ̀ ní tútù. Ẹ to pákó sábẹ́ ìbòjì, kí ó má kan ilẹ̀, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dógba dógba sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn lè rìn, kí ẹ sì fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀ méjèèjì tí ayùn gé. Arère yára gbẹ ju ìrókò lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí gẹdú rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé e. Ẹ tètè gbé e dé sọ́mìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èbu á sọ ọ́ di aláwọ̀ búlúù, iye tí wọ́n máa dá lé e á sì já wálẹ̀.