Erédò, Odi Ńlá Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Inú ẹni tí òwò bá gbé dé ìlú Xi'an ní ilẹ̀ Ṣáínà a máa dùn láti gun odi ìlú náà. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1370 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ ọ́n. Ó yí ìlú ká ní nǹkan bí kìlómítà 14, ó sì ga tó mítà 12. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti fojú kan odi ti ilé?

Erédò ni à ń wí. Yàrà àti òkìtì amọ̀ ni. Ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí kìlómítà 160. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20. Ìwádìí àwọn onímọ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí fi hàn pé láàárín ọdún 1370 sí 1420 ni a gbẹ́ ẹ. Ìgbà kan náà, nígbà náà, ni iṣẹ́ ń lọ ní Xi'an àti ní Ìjẹ̀bú.

Àwọn àgbà ní Bílíkísù Súngbọ́, opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ni ó ní kí a gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Sàréè rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí. Àwọn mìíràn ní òun ni ọbabìnrin Ṣébà. Ṣùgbọ́n Sólómọ́nì ti kú ju 2,000 ọdún lọ kí a tó gbẹ́ yàrà yìí.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ẹnu yà wá. Igi bo ojú ọ̀run, ògiri ilẹ̀ pupa dúró ṣánṣán ní ọ̀tún àti ní òsì. Kò sí katapílà láyé ìgbà náà. Ọwọ́ ènìyàn ni.

Erédò wọ agbègbè Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú, Ẹ̀pẹ́ kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, balógun rẹ̀, Òṣòdì Tápà, ẹni tí òun àti ìlú wa jọ ń jẹ́ orúkọ kan, bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ni wọ́n tó padà.

Odi kì í ṣọ́ ara rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà pàápàá wó èyí tí ó pọ̀ jù nínú odi Beijing, olú ìlú wọn, ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nítorí ọ̀nà ọkọ̀ àti ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ti Xi'an ni wọ́n tún ṣe láti 1983, òun náà ni gbogbo ayé ń lọ wò lónìí. Tiwa ńkọ́? Ní 1995 ni Nàìjíríà fi orúkọ Erédò sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO. Síbẹ̀, ọ̀nà títì ti gé e, ilé àti oko sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin ti òkè òkun, bí ẹ bá mú ọmọ wálé, ẹ jẹ́ kí ó rí i. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè júwe ohun tí a jẹ́ kí ó parun.