Ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn: Ààlà Ìdílé, Ààlà Ọba, Ààlà Ìwé

Bí a bá béèrè pé níbo ni ilẹ̀ Ifangni parí sí, ìdáhùn mẹ́ta ni a óò gbọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba yóò tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sílẹ̀, yóò sì fi commune kan hàn wá tí ó ní arrondissement mẹ́fà: Ifangni fúnra rẹ̀, Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou, Lagbé àti Tchaada. Àgbàlagbà tí ó mọ ìtàn yóò na ọwọ́ kọjá ibodè Igolo, nítorí pé àwọn ọmọ Ìfọ̀nyìn wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Àgbẹ̀ ní tirẹ̀ yóò mú wa lọ sí ìdí pèrègún kan nínú oko, yóò ní ibẹ̀ ni ti bàbá òun dé. Òtítọ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Ohun tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa ni pé a máa ń fi ìdáhùn ọ̀kan dá ìbéèrè èkejì lóhùn.

Ìfọ̀nyìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Yorùbá ti ìwọ̀-oòrùn, ọmọ ìyá Ìtakétè tí ìwé ìjọba ń pè ní Sakété, alámùúlégbè Ìpókíá àti Ọ̀họ̀rí. Orúkọ yìí kan náà ni Faransé gbọ́ tí ó kọ ní Ifangni. Àwọn Gùn sì ti ń bá wa gbé láti ọjọ́ pípẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí èdè méjì fi ń jáde lẹ́nu ọmọ kan ṣoṣo ní ọ̀pọ̀ ilé. Ní ìgbà tí Ọ̀yọ́ ń lágbára, ọ̀nà òwò rẹ̀ sí Àjàṣẹ́ gba apá ìhín kọjá, ọ̀nà náà sì gbilẹ̀ sí i nígbà Aláàfin Abíọ́dún, ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹni tí ó ṣàkóso ọ̀nà ni ó ní agbára. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìjọba ní àkókò náà, kí a má ṣe ronú nípa ìlà: ènìyàn ni ọba ń jọba lé lórí. Abúlé tí ó ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ sí ààfin kan lónìí lè yí padà sí ààfin mìíràn bí ogun bá dé.

Lábẹ́ ọba, ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé. Ìran ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó ni ó ni ín, olórí ẹbí sì ń tọ́jú rẹ̀ fún òkú, fún alààyè, àti fún ọmọ tí a kò tíì bí. Àlejò tí ó bá tọrọ ilẹ̀ yóò rí i gbà, yóò gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó gbin igi tí í pẹ́. Ọ̀pẹ ni ọrọ̀ ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá gbin ọ̀pẹ ti ń sọ pé òun kò níí lọ mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ní agbègbè yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí igi kí ó tó dé orí erùpẹ̀.

Kò sí ohun tí ó ṣe kedere tó ọ̀nà tí wọ́n gbà ń fi ààlà hàn. Wọ́n ń lo odò, ọ̀nà ẹsẹ̀, ìrókò, akòkò, ṣùgbọ́n pèrègún ni olórí wọn. Ọ̀pá rẹ̀ kan tí a gé tí a sì rì mọ́lẹ̀ yóò hù. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í mú un rọ, àwọ̀ ewé rẹ̀ sì yàtọ̀ láàárín igbó tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè rí i láti òkèèrè. Bí ènìyàn bá gé e nítorí ìlara, kùkùté rẹ̀ yóò tún rú. Láti tún ààlà ṣe, ìdílé méjèèjì ni yóò dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọdé, kí àwọn ọmọ náà lè jẹ́rìí lẹ́yìn ogójì ọdún. Ọgbọ́n yìí tóbi ju bí a ti ń kà á sí lọ: ẹ̀rí wà lára igi, ó sì wà nínú orí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni ìlà dé. Ní 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, aṣojú Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris. Wọ́n fa ìlà tí ó tọ́ gbọọrọ láti gúúsù sí àríwá, láti ibi odò kékeré Ajarra ní ilẹ̀ Àjàṣẹ́. Wọ́n fi Ìpókíá sílẹ̀ fún Èkó tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Owó ibodè lórí ọ̀sà ni ó jẹ wọ́n lọ́kàn; ti oko àti ti ìdílé kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Àdéhùn 1898 mú ìlà náà dé odò Ọya, ti 19 oṣù kẹwàá ọdún 1906 sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìyá kan ṣe di ará Dahomey, tí èkejì di ará Nàìjíríà, tí ọ̀kan ń kọ́ Faransé ní ilé ìwé, tí ìkejì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láti 1889 dé 1945, fi hàn pé àwọn ènìyàn kò jókòó kí ìlà náà máa pín wọn lásán. Owó-orí bẹ̀rẹ̀ ní Dahomey ní 1899. Iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọ sógun tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù, wọ́n sì kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ń kọ ìtàn a máa wá ìṣọ̀tẹ̀ níbi tí ìbọn bá ti dún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi oko rẹ̀ sílẹ̀ ní òru ti ṣọ̀tẹ̀ pẹ̀lú. Títí di òní, ìlú kan wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Orúkọ náà kò nílò àlàyé fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè wa.

Àwọn ìpín ìjọba tí ó tẹ̀lé e kò yẹ kí ó gbà wá ní àkókò púpọ̀. Faransé ní cercle àti canton. Ìjọba àyípadà 1974 ní province àti district. Òfin ti 15 oṣù kìíní ọdún 1999 pín orílẹ̀-èdè sí département 12 àti commune 77. Nígbà náà ni wọ́n yọ Plateau kúrò lára Ouémé, tí Ifangni, Sakété, Pobè, Kétou àti Adja-Ouèrè sì bọ́ sínú rẹ̀. Ìpín kọ̀ọ̀kan wúlò fún owó-orí, fún ìdìbò, fún ilé ìwòsàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ ẹni tí ó ni oko.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní Ireland, wọ́n ní ìpín ńlá àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní barony, àti ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pè ní townland, tí ó lé ní 60,000. Òfin 1898 gba iṣẹ́ lọ́wọ́ barony, ó sì kù sórí ìwé. Ṣùgbọ́n townland, tí ó sún mọ́ oko àti ilé, wà láàyè lẹ́nu àwọn ènìyàn. Nígbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní àríwá Ireland fi orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà rọ́pò orúkọ townland ní àwọn ọdún 1970, àwọn ará abúlé bínú, agbègbè Fermanagh sì di orúkọ tirẹ̀ mú. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí wa ni pé ààlà tí ó pín erékùṣù wọn sí méjì ní 1921 tẹ̀lé ààlà àwọn county tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tiwa tẹ̀lé rúlà.

Èéṣe tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́ wa báyìí? Nítorí òfin ilẹ̀ ti 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017. Òfin náà gbà kí ìdílé gba ìwé ẹ̀rí lórí ilẹ̀ àjogúnbá, ó sì fún ìgbìmọ̀ abúlé ní ipa nínú rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò lè ra ilẹ̀ oko ní ìgbèríko. Kí ni a óò wí nípa ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí bàbá bàbá rẹ̀ sá fún iṣẹ́ àfipáṣe, tí ó sì ní ìwé ìdánimọ̀ Nàìjíríà lónìí? Lójú pèrègún, ọmọ onílẹ̀ ni. Lójú ìwé, àjèjì lè ni. Bí olórí ẹbí bá ń ka orúkọ fún akọ̀wé, tí ó sì fo tirẹ̀ nítorí pé ó ń gbé lọ́hùn-ún, ìlà 1889 yóò ti wọ inú agbo ilé, ibi tí Paris kò lè mú un dé. Bákan náà ni fún àwọn ọmọbìnrin, tí òfin ìdílé ti 2004 fún ní ẹ̀tọ́ ogún dọ́gba pẹ̀lú ọkùnrin.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ìsinmi, ẹ mú ìwé àti kálàmù lọ sí oko kí òjò tó mú igbó dí. Ẹ ní kí àgbà ilé tẹ̀ lé yín, kí ẹ kọ orúkọ oko kọ̀ọ̀kan, odò tí ó bá a pààlà, ìdílé tí ó wà ní òdìkejì, ẹni tí ó gbin ọ̀pẹ àti ẹni tí ó fún un láyè. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ sì kọ ọ́ ní Faransé, kí ìdílé méjèèjì sì gbọ́ ọ kí ó tó dé ọ́fíìsì.